Láti Agége dé Oslo, Níbi Tí Iná Kì Í Ti Í Lọ

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé ni mo kúrò nílé wa ní Agége. Bàámi fúnra wọn ló wa ọkọ̀ gbé mi dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ títúnṣe ni wọ́n ń ṣe ní Dọ̀pẹmu, òun ni wọ́n sì fi rán mi ní yunifásítì. Wọ́n ti rí ṣọ́ọ̀bù kejì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo ohun tí wọ́n ti tù jọ ni wọ́n sì fẹ́ kó lé e lórí.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí kí n tó sọ̀kalẹ̀, "onílé ṣọ́ọ̀bù náà ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ mo ní kó dúró ná. Bá mi wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe iná tiwọn. Bí o bá dé tí o ní kí n gbà á, mo gbà á nìyẹn."

Ó yẹ kí inú mi dùn, torí ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìlò iná ló san owó ìrìn àjò mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàámi yẹn ni mò ń rò. Láti ìgbà tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, n kò tíì ríṣẹ́. Báwo ni ẹni tí kò lè pinnu fún ara rẹ̀ ṣe máa pinnu fún baba rẹ̀?

Nígbà tí mo fi dé Copenhagen, olú ìlú Denmark, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden. Iná mànàmáná ló fi ń rìn, kò rú èéfín rárá. Bí a ṣe ń gba orí afárá kọjá lórí òkun, mo rí àwọn fáànù gàgàrà tí wọ́n rì mọ́ inú omi, tí atẹ́gùn ń yí, tí wọ́n ń fún ìlú níná. Búrẹ́dì kan àti ife kọfí kan jẹ́ àádọ́rùn-ún kròna, bí wọ́n ṣe ń pe owó wọn. Búrẹ́dì ọ̀hún le! Ẹni tó dàgbà ní Agége kò ní gbà pé búrẹ́dì nìyẹn.

Ní Gothenburg, Màmá Birgit, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹgbẹ́ náà bá mi wá, ló gbà mí sílé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé nǹkan mi já bọ́ sílẹ̀ ni, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń bá mi wá a.

Bí wọ́n ṣe fi yàrá hàn mí tí mo rí i pé iná wà, mo ki fóònù bọ iná, mo ki páwà báǹkì bọ̀ ọ́, mo tú gbogbo aṣọ inú báàgì mi, mo ń lọ̀ wọ́n lọ, títí kan èyí tí n kò ní wọ̀ rárá. Màmá wọlé, wọ́n dúró.

"Ṣé alẹ́ òní lo tún ń lọ ni?"

"Rárá, mà. Mo ní kí n tètè lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó mú iná lọ ni."

"Àwọn wo?"

Mo yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níná. Wọ́n fi fóònù wọn hàn mí: wákàtí kọ̀ọ̀kan ni iye tí iná jẹ́ ń yí padà. Ìrọ̀lẹ́ ló wọ́n jù, nígbà tí gbogbo ilé ń dáná. Aṣọ tiwọn wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń dúró de òru. Ojú tì mí débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Kì í ṣe nítorí áyọ́ọ̀nù. Ó ṣe mí bí ẹni tó ti ń sá fún nǹkan láti kékeré, tó wá dé ibi tí nǹkan náà kò sí, síbẹ̀ tí kò mọ bí a ṣe ń dúró.

Ilé wọn móoru, bẹ́ẹ̀ n kò rí ohun tó ń jó. Fjärrvärme ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ooru tó ti ọ̀nà jíjìn wá: wọ́n ń jó pàǹtírí níbì kan, omi gbígbóná sì ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Mo rántí ooru tó ń jáde lára àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá fi ọkọ̀ oníná wọn gbé mi lọ sí Oslo ní Norway. Mo ti di páálí ìrìnnà mi mú tipẹ́tipẹ́ ká tó dé ẹnubodè, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Ibẹ̀ ni Bàámi ti pè.

"Gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, jẹ́ n gbọ́ ọ."

Mo gbé e síwájú.

"Ó ti kú ni?"

"Ó ń sáré, Bàámi. Iná ló ń lò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó ti gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì!" Lẹ́yìn náà, ohùn wọn wálẹ̀. "Jẹnẹrétọ̀ wọn ńkọ́? Mélòó lo ti rí?"

"N kò tíì rí ẹyọ kan."

"Ó dáa," ni wọ́n wá wí. "Máa bọ̀ láyọ̀."

Màmá Birgit sọ pé àwọn ilé ìwòsàn ní jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ìró rẹ̀ rí. Oslo mọ́ tónítóní, àmọ́ ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè sọ pé mo rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo padà dé. Láti pápákọ̀, ọ̀dọ̀ Bàámi ní Dọ̀pẹmu ni mo gbà lọ. Àwọn oníbàárà jókòó yí wọn ká, kálukú pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá àwọn lóhùn. Ní òdìkejì títì, ẹnì kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sólà. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ju èyí lọ: mo ti dé ibi tí wọn kò ti nílò iṣẹ́ baba mi, mo sì ti padà síbi tí wọn kò ti lè wà láìsí i fún ìrọ̀lẹ́ kan. N kò mọ ọdún mélòó ló wà láàárín ibi méjèèjì.

Bàámi nu ọwọ́, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ni kí n sọ fún onílé?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sùn ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù náà? Ṣé kí n ní kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ sólà lọ́dọ̀ ọmọ tí wọ́n lè bí? Onílé ní ọjọ́ Ẹtì lòun ń bọ̀, Bàámi kò sì ní dá a lóhùn láìgbọ́ tẹnu mi.