Oyin Ìkómọ Ọmọ Níkẹ́

Kò sí òdòdó tó ń tanná lóko Àgọ́-Àrẹ tí Ọdẹ́jọbí kò mọ kòkòrò tó ń bà lé e. Labalábá ló ni patanmọ́, agbọ́n kì í kúrò lára òdòdó ewúro, ṣùgbọ́n imí-eṣú àti ẹ̀wà, ti oyin ni. Inú ilé ọdẹ ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ìkòkò oyin tó ń gbé kọ́ sórí igi ló fi ń jẹun.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún olóṣèlú, nígbà tí ẹ̀wà ń tanná, Níkẹ́ ọmọ rẹ̀ bí obìnrin. Ní agboolé wọn, wọn kì í ra oyin ìkómọ lọ́jà. Bàbá ìyá ọmọ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó o. Ìkòkò kan ṣoṣo ni oyin inú rẹ̀ ti gbó, orí igi òrí létí oko Àdìgún, ọkọ Níkẹ́, ló sì wà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n kó ọmọ jáde nígbà tí Ọdẹ́jọbí débẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Òdòdó ẹ̀wà tàn rẹrẹ, kò sì sí ohun tó ń fò lórí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀: òkú oyin, òkú labalábá, lámilámi kan ń gbọn ìyẹ́, ó ń kú lọ. Òórùn oògùn apakòkòrò gba imú rẹ̀ kan. Inú bí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kìlọ̀ fún Àdìgún olóríkunkun yìí pé bó bá fẹ́ fín ẹ̀wà, kó dúró di ìrọ̀lẹ́ tí oyin bá ti wọlé.

Àdìgún yọ, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ike oògùn lẹ́yìn.

“Dìde. Ìgbà wo lo fín oko yìí?”

“Láàárọ̀ àná àti òní, bàbá. Ẹ má bínú. Kòkòrò nìkan ló ń pa, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan.”

Ọdẹ́jọbí gun igi, ó gé afárá kan sínú igbá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e síwájú Àdìgún.

“Tọ́ ọ wò kó o tó gbé e lọ fún ọmọ rẹ.”

Àdìgún na ìka, ó rí òkú oyin tó lẹ̀ mọ́ afárá náà, ó fà á sẹ́yìn.

“Ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà,” ni Ọdẹ́jọbí wí. Ó gbẹ́lẹ̀, ó ri afárá náà mọ́ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkómọ, iyọ̀ wà, obì wà, orógbó wà. Níkẹ́ gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ń wá àwo oyin kiri.

“Bàbá mi, oyin ọmọ mi dà?”

Ọdẹ́jọbí kò wo ojú rẹ̀.

“Bi ọkọ rẹ.”