Wàrà tí Búrẹ́mọ̀ fi ń gbé oògùn mì

Búrẹ́mọ̀ onígbàjámọ̀ kú lọ́jọ́ Jímọ̀, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá, kò sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ tó mi. Dókítà gan-an kò mọ àìsàn náà tó mi. Ó dáa, mo ti bù mọ́ ọn. Wàrà ni mo ń gbé lọ fún un láràárọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti Ìdèrè dé Tápà, òun ló ń fá orí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ní kó wá máa bá ìyàwó mi ku gàrí, ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ náà. Ó ní, “Orí tìẹ ni n ó kọ́kọ́ fi dánra wò, Bàbá Bámiṣẹ́. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tó lè bàjẹ́.”

Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní omi kan ló ń gbẹ nínú ọpọlọ rẹ̀, òun ló ń bá ọpọlọ jíṣẹ́ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó máa ń di omi náà tó bá dé ọpọlọ. Ó sì ṣiṣẹ́. Ó fá orí mi, kò ṣá mi. Èmi ni mo wá ní oògùn líle kì í wọ inú òfìfo. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa kọ́ nìyẹn? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra wàrà ní gáà àwọn Fúlàní.

Ọwọ́ tún ń gbọ̀n. Èmi àti Ràhmọ̀t ọmọ rẹ̀ gbé e padà lọ. Ta ló bi wá pé kí ló fi ń gbé oògùn mì? Wọ́n ní kò ràn án mọ́, wọ́n gba oògùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ kú iṣẹ́. Ara rẹ̀ gan bí igi, kò lè gbé itọ́ mì mọ́, títí ó fi kú.

Níbi àdúrà rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe dókítà n’Íbàdàn bi wá pé kí ló fi ń gbé oògùn mì. Mo ní wàrà ni. Ó ní, “Bàbá, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wàrà àti oògùn yẹn ń gbà dé ọpọlọ. Wàrà ló ń dí i lọ́nà. A kì í sì í dá oògùn náà dúró lójijì.”

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, ìlú wo lẹ rò pé ẹ wà, tí kò ní wàrà? Ẹ jáde wá sọ fún Ràhmọ̀t ẹni tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa, àti ẹni tó pàṣẹ kí wọ́n gba oògùn.

Ràhmọ̀t ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba oògùn náà, abọ́ wàrà Búrẹ́mọ̀ wà lórí tábìlì àwọn dókítà. Wọ́n jẹ nínú rẹ̀. Èmi ni mo bù ú fún wọn.