Iná Orí Àpótí Iyùn

Ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló kó iyùn ààyè wá sí Parakou, ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ kò fojú kan òkun rí. Kì í ṣe iyùn ọrùn o, èyí tó ń hù lábẹ́ òkun ni. Àpótí dígí wọn wà ní yàrá tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn sí, ní ilé wa ní Banikanni. Èmi kò fẹ́ràn wọn. Omi iyọ̀, ẹ̀rọ tó ń kùn ṣáá, kí ni mo rí jẹ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí iná orí wọn jó, tí ọkọ mi ní ká jọ yan òmíràn, ojú rẹ̀ tàn, inú mi sì dùn.

A jọ ń wo àwòrán tí oníṣòwò kan fi ránṣẹ́ láti Kútọnu. Mo ní ká ra funfun tó mọ́lẹ̀ jù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ sun wọ́n jẹ ni?"

Ó ní ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń dé ìsàlẹ̀ òkun. Búlúù la yàn, pẹ̀lú funfun díẹ̀. Iná náà le, nítorí náà ó kìlọ̀ fún mi pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí n pa á, kí iyùn lè sinmi.

"Bí mi ò bá sí mọ́, má jẹ́ kí wọ́n kú."

Mo ṣèlérí fún un.

Kò pẹ́ tó fi kú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí mọ́ọ̀gì títí ẹbí á fi múra ìsìnkú tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti Kétu, ó ní iná kì í kú ní yàrá olóògbé kí wọ́n tó sin ín. Mo gbé fìtílà wá. Kò tilẹ̀ wò ó, àpótí dígí ló nawọ́ sí.

"Èyí tó fẹ́ràn nìyí. Iná kúrán ibẹ̀ ò gbọdọ̀ kú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí a ò bá pa á lálẹ́, iyùn á kú."

"Ìyàwó, àbúrò mi kú, ẹkún ẹja lò ń sun?"

Gbogbo ilé ń wò mí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni opó fẹ́ bá jà? Ó tẹ́ ẹní síwájú àpótí náà, ibẹ̀ ló sì ń sùn, iná náà ń tàn tọ̀sán-tòru.

Àwọ̀ iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Àwọ̀ ewé lọ, àwọ̀ osùn lọ. Nígbà tí ẹbí yóò fi wọ aṣọ funfun ìsìnkú, gbogbo wọn ti funfun bí ẹfun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí wọlé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó, wá wò ó. Àwọn náà ti wọ funfun fún un."

Ó dì mọ́ mi. Mi ò lè sọ fún un pé òkú ni wọ́n.