Ìyá Tó Sùn ní Wọ́ọ̀dù Ọmọ Rẹ̀

Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀, tóun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá sọ pé òun fẹ́ fi ọsibítù sílẹ̀, ńṣe ni ìyá gbaná jẹ.

"Àwa tá a ṣe é kí ẹ tó dé ńkọ́, ṣé irin ni wá? Ọ̀lẹ ló ń bá ẹ jà."

Ọmọ gbé báàgì rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ló bá kán lẹ́sẹ̀. Wọ́ọ̀dù ọmọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé e sí. Ó ní, "Ó kúkú dáa, màá fojú ara mi rí iṣẹ́ tó ń pa yín."

Ó rí i lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀dì kún dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ nìkan ló sì ń sáré láàárín wọn bí ẹni tí agbọ́n ń lé. Bó ṣe ń fún ẹnì kan lábẹ́rẹ́ ni ẹlòmíì ń bì, tí ọkọ aláìsàn kan tún ń jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló dá àìsàn sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìtọ̀ ń gbọ̀n ìyá. Ó pe ọmọ rẹ̀ títí. Ọmọ gbọ́, ó tiẹ̀ wojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè mí dáadáa nígun kejì, ibẹ̀ ló forí lé. Kó tó padà dé, ìyá ti tọ̀ sára.

Ọmọ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó nu ìyá rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò gbójú sókè.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Kò burú, ọmọ mi."

"Ó burú. Kì í ṣe iṣẹ́ yìí ni mo kórìíra o. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe fún yín, mi ò kàn ráyè ṣe é ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀."

Ìyá rántí pé nígbà tiwọn, iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ráyè jókòó ti aláìsàn, kí wọ́n bá a ṣàwàdà. Ìyá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ọ̀lẹ tí mo pè ẹ́, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kúrò níbẹ̀ kó tó sọ ẹ́ di òkúta."

Ọmọ kúrò. Ilé ìwé kan ló gbà á síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, eékún tó bó àti inú rírun àwọn ọmọdé ló ń tọ́jú báyìí. Ó ń jẹun lásìkò, ẹ̀rín rẹ̀ ti padà. Síbẹ̀, nígbà míì, á ṣàdédé dáwọ́ oúnjẹ dúró, á ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn yẹn báyìí?" Ìyá á bu ẹran sí abọ́ ọmọ rẹ̀. Obìnrin arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ti ìyá ní wọ́ọ̀dù nígbà yẹn ló máa ń wá sí ìyá lọ́kàn, ìyẹn tí kì í pe ẹnikẹ́ni rárá, torí àánú nọ́ọ̀sì ń ṣe é.