Òṣùwọ̀n Ìyá Máàkì

Àṣìṣe tí gbogbo wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kò gbàgbé ni ti ọjọ́ tí Ìyá Máàkì fún ọkọ aláboyún ní máàkì. Àwọn kan ní méje ló fún un. Irọ́ ni. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó dúró ti nọ́ọ̀sì, ó ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀: "Kí n mú aṣọ ìnura wá? Aṣọ ìnura nìyí, mà. Kí n sún sẹ́yìn? Mo ti sún, mà."

"Dókítà yìí máa dára," ni Ìyá Máàkì wí, ó sì na ìwé sí i kó buwọ́ lù ú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìyàwó mi ló ń rọbí."

Kò sí dókítà gidi kan tó gba ju márùn-ún lọ lóṣù yẹn.

Ìyá Máàkì ni ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí. Ó fẹ́ mọ bí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ló bá dá òṣùwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí nọ́ọ̀sì bá sọ, mélòó ni dókítà fẹnu ara rẹ̀ tún sọ kó tó ṣe é? Èyí tó bá kàn mi orí sí, òfo ni.

Dókítà kan wà tí wọ́n ń pè ní Mo-ti-mọ̀. Inú bí i. "Mo kúkú gbọ́, mà. Mo mi orí."

"Alángbá náà ń mi orí. Ṣé òun náà ń gbẹ̀bí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo-ti-mọ̀ àti nọ́ọ̀sì kan ló wà níbẹ̀. Ìyá Máàkì wọlé tòun tìwé.

"Dókítà, ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fún un lábẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ilé ọmọ kò tíì le."

"Kò tíì le. Mò ń fọwọ́ ra á kó le."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Obìnrin náà rọra lajú. "Ṣé etí gbogbo yín ti di ni? Gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń sọ lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú nọ́ọ̀sì.

"Mélòó la gbà, mà?" ni Mo-ti-mọ̀ bi í.

Ìyá Máàkì wo ìwé rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. "Mi ò ráyè kọ ọ́," ló wí. "Ọwọ́ obìnrin yìí ni mo dì mú."

Ìyá àti ọmọ lọ sílé lọ́jọ́ kẹta. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Máàkì fẹ̀yìn tì. Ojú oorun ló kú sí, nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Itẹ́ òkú ìlú ló wà báyìí, ní ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.