Láìmù Bàbá Mi

Bí wọ́n bá rọ omi lé láìmù, òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí Kárù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá. Òkúta funfun tí wọ́n ti sun níná ni láìmù yìí. Òun ni bàbá mi fi ń kun ilé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Àbújá. Lẹ́yìn tí màmá mi kú ni bàbá mú mi wá láti Ọ̀ṣun. Yàrá kan là ń gbé. Bàbá mi á ti jáde kí n tó jí. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Nílé ìwé, Hausa ni àwọn ọmọ fi ń ṣeré. "Sànnu" tí wọ́n fi ń kí èèyàn nìkan lèmi gbọ́, mo sì ń dá gúgúrú mi jẹ lábẹ́ fèrèsé. Má fi mí rẹ́rìn-ín o, àwọn ìgò inú yàrá kẹ́místìrì ni mo fi ṣọ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kẹ́místìrì ní kí kálukú mú nǹkan wá láti ilé, kó fi hàn wá bó ṣe ń yí padà, kó sì sọ irú ìyípadà tó jẹ́: ṣé ohun méjì ló di ọ̀kan, ṣé ọ̀kan ló pín, àbí ọ̀kan ló lé èkejì kúrò láyè rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í yóò kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo bu láìmù bàbá mi sínú agolo mílíìkì. Mo rọ omi sí i lójú gbogbo kíláàsì. Ó hó bí ìkòkò orí iná, òkúta náà sì fọ́ di lẹ́búlẹ́bú.

Mo ní, "Ó pín ni."

Tíṣà bi mí pé, "Kí ló wá jáde nínú ẹ̀?"

Wọ́n fún mi di Mọ́ńdè kí n wá dáhùn.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, bàbá mi bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń sunkún. Mo rò ó fún wọn.

Wọ́n ní, "Kò pín. Láìmù tó ti mu omi, kódà tó bá gbẹ, ó máa ń wúwo ju bí mo ṣe rà á lọ. Èjìká mi ló ń gbé e, mo mọ̀. Omi yẹn ò lọ síbì kan, inú ẹ̀ ló wà."

Mo wá rí i pé méjì ló di ọ̀kan. Ní Mọ́ńdè, tíṣà gbé láìmù sórí òṣùwọ̀n kó tó mu omi, ó sì tún gbé e lé e nígbà tó mu omi tán tó gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ ní kíláàsì mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí títí dòní kì í ṣe àṣìṣe yẹn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sunkún nínú yàrá tí èmi àti bàbá mi ń gbé pé mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, mi ò sì bi bàbá mi ní ìbéèrè kan rí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń bi àwọn náà ní nǹkan kan; àwọn náà ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.