Ṣíbí Kan Ṣoṣo ní Ìwàrò

Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Lórí ọ̀rọ̀ ìfun mi yìí, mo ti rín tèmi, mo ti rín ti aládùúgbò mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta kí korona tó dé ni dókítà mi ní Àkúrẹ́ ti sọ fún mi pé egbò wà nínú ìfun mi. Ó ní àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara mi ló kọjú ìjà sí ilé ara wọn. Kò sí oògùn tí yóò lé àrùn náà lọ pátápátá. Èyí tí mò ń lò, ṣe ló ń kun àwọn ọmọ ogun náà lóorun.

Bí korona ṣe wọlé, dókítà pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n má dá oògùn mi dúró o, ṣùgbọ́n nítorí oògùn náà, kí n sá fún èrò, kí n má bá ẹnikẹ́ni jẹun nínú abọ́ kan, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni lo ṣíbí kan. Ilé tí mo háyà ní Ìkàrẹ́ nígbà náà, yàrá mẹ́wàá ni, ṣáláńgá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tò sí. Ọkọ mi, tí kónílé-ó-gbélé ká mọ́ Àbújá, ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìwàrò-Ọ̀kà, nítorí pé ìyá náà nìkan ló ń dá gbé ilé ọ̀hún. Inú mi dùn, mo di ẹrù. Ẹrù ti wà lórí ọ̀kadà kí n tó rántí ọbẹ̀ ìyá ọkọ mi.

Ata ni ọbẹ̀ náà. Ẹ̀gúsí kàn yà wá kí i ni. Ìfun mi àti ata kò sì jọ ń gbé. Láti ọdún mẹ́ta yẹn, bí mo bá lọ kí wọn, màá ní mo ti jẹun, tàbí pé ìjọ wa ń gbààwẹ̀. Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ òun jáde? Mo rò pé bó burú burú, wọ́n á pè mí ní agbéraga. Mo gbàgbé pé lọ́dọ̀ wa, ìyàwó tí kì í jẹ oúnjẹ ìyá ọkọ ti pe ìyá náà ní àjẹ́ láì la ẹnu.

Ṣáláńgá wọn wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gbẹ́ ilé màmá arúgbó kan tí kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyàwó ilé ni mí, mi ò gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láì kúnlẹ̀. Inú á máa lọ́ mi, màá máa sáré bọ̀, màmá á ní, “Ìyàwó wa!” Mo kúnlẹ̀, mo fún ìdí pọ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Ọkọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà mà.”

“Àwọn ará Ìkàrẹ́ ńkọ́?”

Màmá, ará Ìkàrẹ́ wà, èmi ni mo fẹ́ kú! Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kúnlẹ̀. Màmá ń yìn mí káàkiri àdúgbò pé kò tíì sí ìyàwó tó mọ ìkíni bíi tèmi ní Ìwàrò.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo ń dá ìrẹsì mi sè, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́bàá fèrèsé, mo sì ń wọ ìbòmú kiri inú ilé. Ìyá ọkọ mi ń wò mí. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé àsáró wọlé, pupa fòò, wọ́n jókòó síwájú mi. Wọ́n ní, “Bísímílà.” Wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n gbé e mì, wọ́n la ẹnu kí n wo inú rẹ̀. Wọ́n tún bù ú, wọ́n na ṣíbí kan náà sí mi.

“Mo ti tọ́ ọ wò. Bó bá jẹ́ pé nǹkan wà ńbẹ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ pa. Gbà, kí o jẹ uṣu.”

Àṣà wa ni pé ẹni tó bá fún èèyàn ní nǹkan jẹ á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Àmọ́ korona lè wà lára ṣíbí yẹn, ata sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sì kọ̀ ọ́, ó parí láàárín èmi àti wọn nìyẹn. Inú mi ló fèsì. Ó kùn bí ọ̀kadà tí epo ń tán nínú rẹ̀, mo dìde, ó di eré.

“Ìyàwó wa!” ni màmá arúgbó wí. Mi ò kúnlẹ̀.

Ìyá ọkọ mi tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo ti ti ilẹ̀kùn páànù kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

“Kí ni mo fi ṣe ọ́?” Ẹkún ti wà nínú ohùn wọn. “Kí ni mo ṣe tí o fi ń sá fún mi?”

Bóyá torí pé wọn ò rí ojú mi ni, mo bá sọ gbogbo rẹ̀ láti inú ṣáláńgá: egbò, ẹ̀jẹ̀, oògùn àárọ̀, oògùn alẹ́, ọ̀rọ̀ dókítà. Mo sọ ọ́ tán, ìyá ọkọ mi sún mọ́ ilẹ̀kùn.

“Ṣé kì í ṣe pé o pè mí ní àjẹ́?”

“Ká má rí i, mà! Ata yín ni mo pè ní àjẹ́.”

Mo gbọ́ tí nǹkan fara ti páànù gbàgà, ẹ̀rù bà mí. Àṣé ẹ̀rín ni. Wọ́n rín, wọ́n rín, mo gbọ́ tí màmá arúgbó ń rín pẹ̀lú wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ìyá yẹn ti gbọ́.

Láti ọjọ́ kejì, abọ́ wa di méjì. Ìyá ọkọ mi á gbé tèmi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iṣu àti ẹyin tàbí ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n á sún sẹ́yìn dé ìdí igi máńgòrò, wọ́n á fi ṣíbí tiwọn jẹ tiwọn, wọ́n á sì pariwo pé, “Mo ti tọ́ ọ wò o!” Mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà mọ́, mo gbà wọ́n gbọ́. Wọn ò gbà. Màmá arúgbó náà, bó bá ti rí mi tí mò ń sáré bọ̀, á na ọwọ́ sókè: “Máa lọ, máa lọ! A ti kíra!”

Nígbà tí mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán tí ariwo korona sì ti rọlẹ̀, mo ti padà sí Ìkàrẹ́, mo wá lọ kí ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbé àsáró wá pẹ̀lú ṣíbí méjì. Wọ́n tọ́ ọ wò. Mo na ọwọ́, mo gba ṣíbí tó ti ẹnu wọn jáde, mo bù ú kún, mo fi sẹ́nu. Omi bọ́ lójú mi.

“Kí ló dé?”

“Ata ni, mà.”

“Ata wo?” ni ìyá ọkọ mi wí. “Láti ọjọ́ tí o ti bá mi sọ̀rọ̀ nínú ṣáláńgá, mi ò ra ata wọ ulé yìí mọ́.”